Yàrá Ìyá Mi ní Igun Olómi

Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ òun jìn. Tó o bá ti wà á dé orúnkún, omi á yọ, á dúdú, á tutù, á sì máa rùn. Mo mọ èyí láti kékeré, torí ilé bàbá mi níbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo ti rí àwọn tó fẹ́ ri òpó iná mọ́lẹ̀ lójú pópó wa, tí wọ́n wà á títí tí wọ́n fi sá gòkè pẹ̀lú bàtà tó kún fún ẹrẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó kàn mí láti kọ́ yàrá tí ìbúgbàù kò ní lè wó fún ìyá mi, ihò ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbẹ́. Olórí kunkun ni mí. Mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Sípì àti bọ́tìnnì ni mò ń tà ní Ọjà Balógun. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ mi sì ti lọ sí ilé tiwọn, mo kó ẹrù mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi nínú ilé bàbá mi. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Etí rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ mú, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ilé kejì.

Ilé kejì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bàbá mi ló kọ́ méjèèjì. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, ló ń bójú tó wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkòyí lòun ń gbé. Ó fi ìsàlẹ̀ ilé kejì háyà fún ọkùnrin kan tó ń ta báńgà, àwọn tí àwọn ọmọ ń yìn tí Kérésì bá ń bọ̀, àti àwọn ńlá tó ń gòkè lọ tú sójú ọ̀run. Tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró, páálí báńgà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tó bá fi máa di oṣù Kọkànlá, wọ́n á ti kan àjà. Ohun tó wà láàárín páálí wọ̀nyẹn àti bẹ́ẹ̀dì ìyá mi kò ju ọ̀nà tóóró kan lọ, tí mo máa ń fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá tí mo bá gbé àtẹ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, nígbà tí ìrun alásàrí kù díẹ̀, iná ta láti ara jẹnẹrétọ̀ ọkùnrin náà sára páálí kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ síta. Páálí kan péré. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti Balógun. Nígbà tí mo sáré délé, gíláàsì fèrèsé ìyá mi ti fọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti ibi ìrọ̀rí dé ibi ẹsẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ẹ̀yìnkùlé ló wà tó ń ṣe àlùwàlá. Mo bá a tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì náà, tó ń ṣa àfọ́kù gíláàsì lára ìrọ̀rí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń kó wọn sínú abọ́. Ó wò mí, ó ní kí n lọ mú ìgbálẹ̀ wá.

Ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ìkòyí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dì mọ́ ìyá wa, omi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, ẹ múra. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ìkòyí."

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ìkòyí?"

"Ẹ ò lè máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńgà, Màmá. It's not safe."

"Ta ló gbé báńgà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sílẹ̀. Ó ní ìwé tí òun àti ayálégbé náà jọ fọwọ́ sí kò tíì parí, pé èèyàn dáadáa ni, pé ó ti ṣèlérí pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìyá mi ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ilé ọkọ òun lòun wà, ibẹ̀ náà sì lòun máa wà. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní Ìkòyí rí. Yàrá tó tutù ni wọ́n fún un, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà níbẹ̀, gbogbo wọn á jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Nígbà tó padà dé, ó sọ fún mi pé fún odindi ọjọ́ méje, òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ké láti òde pé "Àlàájà, ẹ kú ilé o." Mo rí i lójú rẹ̀ pé tó bá lo ọdún kan níbẹ̀, òkú rẹ̀ la máa gbé wá.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dá gbèdéke. Ó ní tí oṣù Kejìlá ọdún tó ń bọ̀ bá fi máa dé, tí kò bá sí ibi tí ìyá wa lè sá sí nínú ilé náà, òun máa gbé e lọ, ó fẹ́ ni o, ó kọ̀ ni o. Nínú ilé tiwa, àbúrò kì í wo ojú àkọ́bí kó sọ fún un pé ohun tó ṣe kò dára. Òun ló máa ń fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé kéú nígbà tí mo wà ní kékeré. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń pè é ní ẹ̀yin. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Màá wá nǹkan ṣe sí i." Bí mo ṣe gba iṣẹ́ tí kì í ṣe tèmi nìyẹn.

Bàbá kan tó ti jagun rí wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó máa ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń kó wọ inú ihò tí ọkọ̀ òfuurufú bá ti ń bọ̀. Mo sì ti rí i lórí fóònù mi, ní àwọn ìlú tí ogun ti ń jà, bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá sọ fún mi pé ibi tí èèyàn ti lè sá fún ìbúgbàù, ihò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwọn òkú wà, torí inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí nígbà náà. Ìyá mi mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń fi hàn mí. "Bàbá ọkọ mi nìyí. Ìyá rẹ̀ nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì. Ìyàwó àgbà nìyẹn. Bàbá yín wà lábẹ́ ibi tí ò ń sá aṣọ sí yẹn, mo sì ti sọ fún ọ kí o yéé sá bùbá síbẹ̀." Gbogbo ibi tó gbẹ ni wọ́n ti gbà tán. Igun ẹ̀yìn nìkan ló kù, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ lọ sí gọ́tà, tí gbogbo omi ojú pópó ń wá jókòó sí. Wọn ò sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀ torí ó rin ṣìnkìn láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ibi tí wọ́n kọ̀ láti tẹ́ òkú sí ni èmi fẹ́ gbé alààyè sí.

Bíríkìlà tí mo pè, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọkùnrin kúkurú kan tó máa ń fi pẹ́ńsù há etí. Ó wo igun náà, ó wo mí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé e gòkè."

"Ihò ni mo fẹ́."

"Ihò kọ́ lẹ máa rí níbí. Na well ẹ máa rí."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọ fún ìyá ẹ, àbí èmi?"

Ó tẹrí ba, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mú ṣọ́bìrì. Ní ọjọ́ kìíní omi ti dé orúnkún wọn. Mo ní kí wọ́n gbé pọ́ǹpù wá. Pọ́ǹpù náà fa omi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́, omi sì wà níbi tó wà, ó kàn ń wò wá ni. Bí wọ́n ṣe ń wà, ni ẹ̀gbẹ́ ihò ń ya lulẹ̀. Mo dúró létí rẹ̀, mo káṣọ sókè, mo ń bú ilẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ni ògiri ilé ìdáná sán, láti orí fèrèsé dé ìsàlẹ̀, ìka mi wọ inú rẹ̀. Omi tí à ń fà ti ń fa iyanrìn abẹ́ ilé wá pẹ̀lú.

Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló lọ pa pọ́ǹpù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ lè lé mi tí ẹ bá fẹ́. Mi ò ní wó ilé lé ìyá yín lórí torí pé ẹ fẹ́ dáàbò bò wọ́n."

Mo ti la ẹnu láti fún un lésì nígbà tí ohùn ìyá mi ti ojú fèrèsé jáde. "Ìwọ ọmọ yìí, báwo lo ṣe rò pé ilẹ̀ yìí débí? Bàbá bàbá ẹ fi ọkọ̀ ojú omi kó iyanrìn wá dà á síbí ni. Gbogbo ẹni tó kọ́lé ládùúgbò yìí, kíkó ni wọ́n ń kó ilẹ̀ wá. Ta lo rí tó ń gbẹ́?"

Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Mo wọlé lọ, mo jókòó, mo bínú títí mo fi mu ife omi méjì. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá bíríkìlà, mo ní, "Ó dáa, gbé e gòkè. Ṣùgbọ́n má rẹ́rìn-ín." Ó gbìyànjú.

A lọ kó àfọ́kù ilé tí wọ́n wó nítòsí Èbúté Èrò, a fi dí ihò mi. A da ilẹ̀ pupa lé e, a da iyanrìn lé ilẹ̀ pupa, wọ́n ń fi igi gún un títí ó fi le. Ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ra sípì lọ́wọ́ mi fún ìyàwó rẹ̀, ló ya yàrá náà sẹ́yìn ìwé fún mi. Ó ní ohun tó bá wúwo lórí ẹrẹ̀ máa rì, àfi tí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ páńkó sórí ẹrẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ìpìlẹ̀ yàrá náà fẹ̀ ju yàrá lọ, odindi kọnkéré kan tí irin rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ ní ìpele méjì. Torí pé ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, apá tó kọjú sílé kò ga ju orúnkún lọ, apá tó kọjú sí gọ́tà dé ìbàdí mi. Bíríkìlà bu omi sínú rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, òun di orí kan mú, òṣìṣẹ́ rẹ̀ di orí kejì mú, ibi tí omi bá dúró sí lórí méjèèjì ni wọ́n ń fi ẹfun sàmì sí. Omi tó ti ń dà mí láàmú ló wá ń fi ibi tó tẹ́jú hàn wá. Mo dúró, mo ń wò ó, inú mi dùn gan-an.

Ògiri náà nípọn. Búlọ́ọ̀kù ni, a da kọnkéré kún inú wọn, irin sì gba àárín wọn kọjá lọ sókè. Kí wọ́n tó da òrùlé lé e, ẹnjiníà ní ká dúró kí ilẹ̀ kọ́kọ́ mọ ẹrù tó rù. Bíríkìlà fi èédú fàlà sára ògiri, ó ń wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Apá ẹ̀yìn rì ní ìka méjì. Oorun ò kùn mí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ó dúró, kò sì rì mọ́ títí dòní.

Kò sí fèrèsé lápá ilé kejì, àpò iyanrìn la tò síbẹ̀ dé òkè. Ilẹ̀kùn irin wà ní òdìkejì, ògiri kúkurú kan dúró níwájú rẹ̀ kí ìbúgbàù má bàa rí ọ̀nà wọlé tààrà. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan tún wà lẹ́yìn, bí àwókù bá dí ti iwájú. Láti inú ni a ti ń ti àwọn méjèèjì, ọ̀pá ìdábùú mẹ́ta ló wà lára ti iwájú, a fi ọ̀rá pa wọ́n kí wọ́n lè máa yọ́. Páìpù méjì tó dorí kodò ló ń gbé atẹ́gùn wọlé.

Bíríkìlà ṣe àtẹ̀gùn mẹ́rin síwájú rẹ̀, ó fi ṣíbí ìrẹ́lé dán wọn títí wọ́n fi ń kọ mànà. Ìyá mi wá wò ó. Ó fi ọ̀pá kan àtẹ̀gùn kìíní, ó bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n mí gùn ún?" A ti wọn ẹrẹ̀, a ti wọn omi, a ti wọn báńgà, kò sẹ́ni tó rántí wọn orúnkún ìyá. Wọ́n fọ́ àtẹ̀gùn, wọ́n ṣe ìdàgẹ̀rẹ̀ tó rọra ń gòkè, wọ́n sì fi irin tó lè dì mú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ń dánra wò. Lójoojúmọ́, tó bá ti kírun àìlà tán, á dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ, á gun ìdàgẹ̀rẹ̀, á wọlé, á ti ọ̀pá ìdábùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì pariwo láti inú páìpù pé, "Mo ti dé o!" Lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá wà nílé, mò ń ka sípì dè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo lè ka dọ́sìnnì mẹ́wàá kó tó pariwo. Nígbà tó yá, mi ò ní tíì ka mẹ́ta tán. Àwọn ará àdúgbò ń pe yàrá náà ní báǹkì. Wọ́n á bi ìyá mi pé ṣé àwọn lè wá gba owó, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó lu ògiri, ó lu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ̀wọ̀n lo kọ́ fún ìyá wa." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àbẹ̀wò."

Òjò ọdún yẹn kò ṣeré. Pópó wa di odò, omi wọ ilé kejì, ó wọ ilé tiwa dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Yàrá igun kò mu kán omi kan. Mo lọ tẹ́ ẹní síbẹ̀, mo sùn lọ́sàn-án, mo jí, ilẹ̀ abẹ́ ẹní mi gbẹ furú. Mo yangàn káàkiri àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó yẹ kí n ti pa ẹnu mi mọ́, torí ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n bá gbọ́ pé yàrá kan wà tó gbẹ, tó le, tí kò sẹ́ni tó ń sùn sínú rẹ̀, ojú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á fi máa wò ó.

Ní oṣù Kẹwàá, mo lọ sìnkú àna mi ní Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò. Nígbà tí mo dé, mo rí ìyá mi tó jókòó sí ìsàlẹ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ lórí itan. Àgádágodo tí mi ò mọ̀ rí wà lára ilẹ̀kùn irin. Lẹ́yìn tí a kọ́ yàrá náà tán, bíríkìlà jó òrùka mọ́ ìta ilẹ̀kùn náà ká lè máa tì í láti ìta tí a ò bá sí nílé, èmi ni mo ní kó ṣe é.

"Mo wá dánra wò," ìyá mi ní, "kò ṣí."

Ayálégbé náà ti rí mi láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Ẹ kú àbọ̀, Àǹtí. Abeg, ẹ má bínú. Ilẹ̀ stóò mi ṣì ń sun omi láti ìgbà òjò yẹn, ọjà mi á bà jẹ́. Bọ̀ọ̀dá ní kí n lo ibẹ̀ for just two weeks. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀."

"Kí lo kó síbẹ̀?"

Mo ti mọ̀ kó tó la ẹnu. Báńgà ni. Yàrá tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ kí báńgà má bàa pa ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n kó báńgà sí. Mo wọlé, mo mú òòlù tí bíríkìlà gbàgbé, mo na àgádágodo náà títí ó fi já. Ọkùnrin náà ń ké pé, "Àǹtí, easy! Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí iná ta sí i!" Mo ní tó bá ti mọ̀ pé iná lè ta sí i, kí ló dé tó fi kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi láti ọjọ́ yìí wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí jáde. Mo gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo gbé wọn kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, mo sì ń ṣépè ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹrí ba. Ẹ̀yìn ń dùn mí di ọjọ́ kẹta.

Ó ti pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí n tó kó ìdajì. Ó na fóònù sí mi.

"O ti dójú tì mí," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mò ń gbé Màmá lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, oṣù Kejìlá lẹ dá."

"Mo ti yí i padà. Ilé yẹn ò rọrùn fún wọn, ìwọ náà ò sì rọrùn."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Lẹ́yìn gbogbo nǹkan tó ṣe, èmi ni mo tún bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sẹ́yìn tánkì, mo sunkún.

Ó dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá. Ìyá mi ti múra, ó wọ aṣọ funfun, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò jiyàn kankan. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ìyá mi ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ kírun. Ó mú ọ̀pá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwa méjèèjì dúró ní pálọ̀. Mo gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn irin pa dé. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ̀pá ìdábùú kìíní, ìkejì, ìkẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde. Ó lu ilẹ̀kùn. "Màmá! Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Ohùn ìyá mi gba inú páìpù jáde. "Ta ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ wo? Ìwọ tí mo bí, àbí ìwọ onílé báńgà?"

Ó bẹ̀bẹ̀. Ó pariwo. Ó gba ẹ̀yìn lọ, ó fa ilẹ̀kùn kékeré, kò mira. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà kó wá já ilẹ̀kùn. Bíríkìlà wá, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó yọ pẹ́ńsù létí, ó tún fi há a. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Nítorí kó má ṣeé já ni wọ́n ṣe pè mí síṣẹ́." Ó kí ìyá mi láti inú páìpù, ó sì lọ.

"Màmá, kí lẹ fẹ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi í nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Kí páálí tó kẹ́yìn kúrò nínú ilé ọkọ mi. Ọjọ́ tó bá kúrò ni màá jáde. Mo ní omi, mo ní bisikíìtì, mo ní dàbínù, mo ní pọ́ọ̀. Kí ìwọ náà lọ jẹun."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ìdàgẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ léèsì rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbọ́ tìẹ."

Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ pé "Màmá, ẹ jáde," ó ṣeé ṣe kó jáde nítorí mi, ọkọ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Irun orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Mi ò kúnlẹ̀.

"Rárá," ni mo ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ẹ ṣe kò dára. Ẹ lé ayálégbé yín."

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Òrùlé kò wó lé mi lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Kò lọ sí Ìkòyí lọ́jọ́ náà. Pálọ̀ bàbá wa ló sùn sí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Nígbà tó jí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ìyá wa ló lọ dúró sí, ó ń wo ọ̀nà tóóró náà àti páálí tó kan àjà ní òdìkejì. Ó na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló lọ kan ilẹ̀kùn ayálégbé rẹ̀.

Wọ́n kó báńgà títí ọjọ́ fi rọ̀. Àwọn alájàpá tó ń kọjá, àwọn ará ilé wa, gbogbo wọn dúró láti wò ó. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń wo páálí kọ̀ọ̀kan jáde, mo sì wọlé fúnra mi lọ wo gbogbo igun stóò náà kí n tó lọ sọ fún ìyá mi láti inú páìpù pé ó ti tán.

"O wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn?"

"Mo wò ó, Màmá."

Ọ̀pá ìdábùú yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi jáde, aṣọ funfun rẹ̀ ti rún, ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ olómi yẹn. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kó dìde, kó lọ pààrọ̀ aṣọ, òtútù máa mú un. Mo na ọwọ́ sí i láti dì í mú, mò ń retí pé á gbóríyìn fún mi. Ó dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì wo yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ náà," ló ní. "O kọ́ odindi ilé kí o má bàa sọ gbólóhùn kan."

Ó gbé pọ́ọ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ dà á nù.